Bí A Ṣe Ń Lé Èéfín Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Jáde Nínú Ṣọ́ọ̀bù Tí Kò Ní Ju Fèrèsé Kan Lọ

Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Garki tàbí Wuse ní Abuja lásìkò ìforúkọsílẹ̀ JAMB mọ òórùn tí mò ń wí: ó gbóná, ó dà bíi ti ike tó fẹ́ jóná, ó sì máa ń ta imú díẹ̀. Àwa tí à ń gbé inú ẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé aago méje alẹ́ kì í gbọ́ òórùn yẹn mọ́. Ikọ́ là ń gbọ́. A ra AC, ikọ́ ò lọ. A fín nǹkan olóòórùn dídùn, ojú tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta wá. A ṣí fèrèsé, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọlé. Gbogbo ẹ̀ ni mo ṣe tán kí n tó rí i pé mò ń mú kí yàrá tutù ni, mi ò pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀.

AC tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, èyí tí apá kan ẹ̀ wà nínú ilé tí apá kejì wà níta, kì í fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Afẹ́fẹ́ inú ilé kan náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó sì ń dá padà fún wa. Ooru nìkan ló ń gbé síta. Ohun tí ẹ̀rọ bá tú sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ ṣì ń mí in sínú ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó kàn ti tutù ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ẹ́sọ́ọ̀sì fáànù kan, ìyẹn fáànù ara ògiri tó ń fa afẹ́fẹ́ síta. Ẹ má tíì rà á o. Ẹ ka ìpele kẹta ná.
- Tíṣù, téèpù ìlẹ̀mọ́, àti tépù tí káfíńtà fi ń wọn nǹkan.
- Ìbòmú N95. Ìbòmú aláwọ̀ búlúù tó fẹ́lẹ́ yẹn kì í lẹ̀ mọ́ ojú, lẹ́búlẹ́bú tónà, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí ìwé, á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àkísà tí kì í yọ òwú, omi tútù, àti ọ̀rá tó ṣeé so lẹ́nu.
- Ẹsasáìsì kan àti bírò.
- Àláàmù carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ládùúgbò yín. Ní Abuja, àdúgbò ta ni kò sí?

Ìpele 1: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ má gbé ohunkóhun kúrò níbi tó wà ná. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye ìwé tí ẹ tẹ̀, aago tí ẹ tan ẹ̀rọ, bóyá jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, bóyá fèrèsé ṣí. Lábẹ́ ẹ̀, ẹ kọ bí ara ṣe rí: ikọ́, imú tó ń dà, ojú tó ń ta, orí fífọ́, àyà tó ń hán bíi fèrè. Ẹ kọ aago sí i. Ẹ kọ ti Sátidé àti Sọ́ńdè náà, nítorí àwọn ọjọ́ ìsinmi ló ń tú àṣírí. Tí ikọ́ bá rọlẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó sì padà dé ní ọ̀sán Mọ́ńdè, ibi iṣẹ́ ló ń tọ́ka sí. Tí kò bá rọlẹ̀ rárá, ẹ má tíì dá ibi iṣẹ́ láre: ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń bínú tipẹ́ kì í fi ọjọ́ méjì tutù.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi fún ikọ́ tí kì í ṣe tiẹ̀. Tí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ẹ̀. Tí ẹ bá ń tu ẹ̀jẹ̀, tí ẹ ń làágùn lóru, tàbí tí ẹ ń rù, ẹ má dúró de ẹsasáìsì kankan.

Èyí tó yà mí lẹ́nu nínú ìwé tèmi ni pé àárọ̀ ló burú jù, nígbà tí mi ò tíì tẹ ìwé ogún. Ìdí ẹ̀ rèé. Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo tónà, irin kan wà tó máa ń gbóná tó nǹkan bíi 200°C kó lè yọ́ tónà mọ́ ìwé. Bó ṣe ń gbóná, oru ike àti ti ìda inú tónà á gbéra. Tó bá kan afẹ́fẹ́ tútù, á dì padà di kóró tíntìntín tí kò tó 0.1 maikirómítà. Fífẹ̀ irun orí kan tó nǹkan bíi 70 maikirómítà, ìyẹn ni pé irun náà fi ìlọ́po 700 jù ú lọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná àti orí ìwé mélòó kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń tú u sílẹ̀ jù. Nítorí náà, lẹ́búlẹ́bú dúdú tí ẹ ń rí nílẹ̀ kọ́ ni olórí ọ̀tá. Olórí ọ̀tá ò ṣeé rí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí tí ẹ bá lè sọ wákàtí tó burú jù àti ohun tí ẹ ń ṣe ní wákàtí náà.

Ìpele 2: Ẹ wá ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ti ń mí

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tí fáànù inú ẹ̀ ti ń fẹ́ ooru jáde, lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa gbé tíṣù yí i ká. Ibi tí tíṣù bá ti ń jó, ẹnu ẹ̀ nìyẹn. Mo ṣe èyí ní ṣọ́ọ̀bù mi, tíṣù jó ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ojú ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń wà gẹ́lẹ́ tó bá jókòó. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti máa ń sọ pé, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jókòó síta díẹ̀.” Mo rò pé fóònù ló fẹ́ lọ tẹ̀.

Ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ sí ọ̀nà fèrèsé tàbí ògiri tí ẹ́sọ́ọ̀sì máa wà. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sáàárín ẹ̀rọ àti fèrèsé náà. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín ẹ̀rọ àti ògiri, kí ìjókòó yín sì jìnnà sí i tó mítà méjì tí àyè bá gbà. Ẹ̀rọ tó bá sì wà lábẹ́ tábìlì tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e jáde.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tẹ ìwé 20 láìdúró, kí ẹ sì gbé tíṣù sí ibi tí imú yín máa ń wà. Kò gbọdọ̀ mì.

Ìpele 3: Ẹ fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà àbájáde, kí ẹ sì fún un ní ọ̀nà àbáwọlé

Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga yàrá. Tèmi gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, òrùlé ẹ̀ ga ní mítà 3. Tí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ó jẹ́ 36 m³. Mo fẹ́ kí afẹ́fẹ́ yìí pààrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní wákàtí kan: 36 lọ́nà 6 jẹ́ 216 m³ ní wákàtí. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ wá lára páálí fáànù, níbi tí wọ́n kọ m³/h sí. Àmọ́ ibi tí nǹkan kan ò ti dí fáànù lọ́wọ́ ni wọ́n ti wọn èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá dé ara ògiri yín, tí nẹ́ẹ̀tì àti eruku bo ojú ẹ̀, agbára ẹ̀ á dín. Èyí tó tó ìlọ́po méjì ni kí ẹ rà. Fún mi, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 430.

Ẹ gbé e sókè, nítòsí ẹ̀rọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè. Kí ẹnu ẹ̀ yọ síta gbangba. Mo ti rí ẹni tó fa tiẹ̀ sínú òrùlé plaza: ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tó wà lábẹ́ òrùlé náà ló ń pín in jẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà gan-an wà níbí. Fáànù ò lè fa ohun tí kò rí àyè wọlé. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn pa gbáá torí AC, tí ẹ tún fi rọ́bà dí ìsàlẹ̀ ẹ̀, fáànù á máa pariwo lásán. Ẹ fi àlàfo tó bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí kí ẹ ṣí abẹ fèrèsé lúfà kan tàbí méjì ní òdìkejì yàrá. Mo ní òdìkejì o. Tí ọ̀nà àbáwọlé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, afẹ́fẹ́ á wọlé, á yí padà, á jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín yàrá, ẹ ò ní jẹ níbẹ̀.

Owó iná á lé díẹ̀ torí òtútù AC tó ń sá jáde. Èmi fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè tan fáànù nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ àti ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ẹ̀, kó tún kó iṣẹ́ jọ kó tó tan ẹ̀rọ. Ìwé 200 tí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sàn ju ogún-ogún tí ẹ̀rọ á máa sùn tí á máa jí nítorí ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lẹ tíṣù mọ́ òkè àlàfo ilẹ̀kùn. Tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ inú yàrá. Tó bá tẹ̀ síta, oníṣẹ́ iná ti gbé fáànù sódì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan oògùn ẹ̀fọn aláyìípo sórí àwo nítòsí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ wo ọ̀nà tí èéfín gbà. Ọ̀dọ̀ fáànù tààrà ló yẹ kó forí lé. Tó bá kọ́kọ́ kí yín lójú, ẹ padà sí ìpele kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mítà CO2, ìyẹn gáàsì tí èèyàn ń mí síta, tó bá pọ̀ nínú yàrá, afẹ́fẹ́ ò pààrọ̀ dáadáa nìyẹn. Ti ìta máa ń wà ní nǹkan bíi 420 ppm. Ẹ má jẹ́ kí ti inú yàrá kọjá 1000. Mítà eruku kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà rí ohun tó bá kéré sí 0.3 maikirómítà. Tó bá sọ pé yàrá mọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìpele 4: Jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì

Ẹ́sọ́ọ̀sì tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa á fa ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù January, ọ̀sẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fáànù mi, NEPA mú iná lọ, inverter mi gbà á, fáànù ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, orí ń fọ́ mi, orí ń fọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, oníbàárà kan sì ní èébì ń gbé òun. Mẹ́gáàdì plaza wa ló yọjú tó ní ká jáde kíá.

Carbon monoxide ò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Tí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kan, ẹ má wá Panadol. Ẹ jáde síta ná, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ tí ara ò bá tètè balẹ̀ tàbí tí ẹnì kan bá dákú.

Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó mítà 6, ó kéré tán, sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé èyíkéyìí, kí ẹnu sálẹ́ńsà ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìta, bálíkónì náà kì í ṣe ìta. Tí aládùúgbò ò bá gbọ́, ẹ pa fáànù, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ jáde títí á fi pa tiẹ̀. Oníbàárà á bínú, ó dùn mí.

Bátìrì inverter olómi náà máa ń tú gáàsì hydrogen tó lè gbiná àti ìkùukùu ásíìdì sílẹ̀ tó bá ń gba iná. Kó má wà lábẹ́ tábìlì ẹnikẹ́ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tẹ bọ́tìnì ìdánwò lára àláàmù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá ké, ẹ yí bátìrì ẹ̀ padà lọ́jọ́ náà.

Ìpele 5: Tónà

Ike tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n pò mọ́ carbon black, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú dúdú bíi ti èédú, ni tónà dúdú. IARC, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, fi carbon black sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Ó tó kí èèyàn bo imú fún, kò tó kí èèyàn sá fún iṣẹ́ ẹ̀.

Ní ọdún kan, oníṣẹ́ kan wá bá mi tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ki bùlówà bọ inú ẹ̀, ó fẹ́ ẹ fìì. Kàlẹ́ńdà funfun tó wà lára ògiri di ohun tí èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ ẹ̀ sí. Mo tu itọ́ dúdú fún ọjọ́ méjì. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo bùlówà sí ẹ̀rọ yín, ìta ni, kó lo N95, kí ẹ̀yin sì bọ́ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Bí èmi ṣe ń pààrọ̀ kátíríìjì rèé:

1. Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ wáyà, mo jẹ́ kó tutù fún ààbọ̀ wákàtí.
2. Mo pa AC àti fáànù òkè kí lẹ́búlẹ́bú má fò. Mo fi ẹ́sọ́ọ̀sì sílẹ̀.
3. Mo wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀.
4. Mo fa kátíríìjì jáde pẹ̀lẹ́, láìgbọ̀n ọ́n, ó di inú ọ̀rá, mo so ẹnu ẹ̀. Mo tún wo gálọ́ọ̀nù ìdọ̀tí tónà, níbi tí tónà tí kò lẹ̀ mọ́ ìwé máa ń dà sí. Tó bá ti fẹ́ kún, mo yọ ọ́ kó tó dà.
5. Mo fi àkísà tí mo rẹ sómi tútù tí mo fún dáadáa nu ibi tó dà sí, láti etí wá sí àárín. Mo ká àkísà náà, mo sọ ọ́ sínú ọ̀rá.
6. Mo fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́. Omi gbígbóná máa ń mú tónà rọ̀ kó sì lẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ má gbá a. Ẹ má lo fákúùmù ilé: tónà kúnná ju fílítà ẹ̀ lọ, á fà á wọlé níwájú, á fẹ́ ẹ jáde lẹ́yìn, iná tó ń ta láti inú mọ́tò fákúùmù náà sì lè ràn mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rọ tónà sínú kátíríìjì àtijọ́ láti fi dín owó kù, mi ò ní kí ẹ má ṣe é, mo mọ bí ọjà ṣe rí. Ẹ kàn má ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi tíṣù funfun tuntun nu tábìlì yí ẹ̀rọ ká. Tó bá dú, ẹ tún un nù. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan; tó bá tún dú láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ ohunkóhun, kátíríìjì tàbí gálọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ẹ̀ ń jò.

Ìpele 6: Ìgbà ọyẹ́

Láti nǹkan bíi November dé February, eruku aṣálẹ̀ láti ìhà Chad á wọ ìlú, ìmọ̀ràn “ẹ ṣí fèrèsé” á sì di wàhálà. Òṣùwọ̀n tí WHO gbé kalẹ̀ ní 2021 fún eruku kíkúnná PM2.5 ni 15 maikirógíráàmù nínú m³ kan láàárín wákàtí 24. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wo Aso Rock tí ẹ ò rí i, ìta ti kọjá ìyẹn lọ jìnnà. Ẹ ti fèrèsé, àmọ́ ẹ tan ẹ́sọ́ọ̀sì tí ẹ bá ń tẹ̀wé, kí ẹ sì na aṣọ tó ní ojú wẹ́wẹ́ tí ẹ rẹ sómi bo ọ̀nà àbáwọlé. Fílítà AC, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ọyẹ́ á fi lọ.

Tí ẹ bá lówó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tó ní HEPA, ìyẹn fílítà tó ń mú eruku tíntìntín, ni kí ẹ rà. Kì í mú gáàsì, àfi tí èédú bá wà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sọ pé ó ń ṣe ósóònù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ósóònù fúnra ẹ̀ ń jó ọ̀nà ọ̀fun.

Ìpele 7: Ara yín

Ẹni tó ní ásímà, kí ínhálà ẹ̀ wà lápò, kó má wà nílé. Tí àyà bá ń hán, tí ẹ ò lè parí gbólóhùn kan láìmí gúlegúle, tàbí tí ètè ń dúdú, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tí dókítà bá fura sí ibi iṣẹ́, ó lè ní kí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sínú mítà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní peak flow. Ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ kọ èyí tó ga jù, nígbà mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ mú ẹsasáìsì ìpele kìíní dání lọ. Dókítà tó rí i kọ sílẹ̀ pé “Mọ́ńdè, aago 10, ìwé 150, fèrèsé tì, àyà ń hán” á bá yín sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gbọ́ pé “mò ń wúkọ́, dókítà.”

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ní ọ̀gá lórí, òfin Employee's Compensation Act ti 2010 mọ àìsàn tí iṣẹ́ bá fà, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF ló sì ń bójú tó o. Òfin náà ní kí ẹ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ mú ẹ̀dà kan pa mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn sínú ẹsasáìsì kan náà, kí ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Nínú tèmi, ikọ́ àárọ̀ ti lọ. Ti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí mo gbàgbé ṣí lúfà.